Kẹ̀kẹ́ Ẹrù Tó Nasẹ̀ Sókè ní Olkhovka

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé ilé ìkọ́ṣẹ́ ń jò, orí igi mi ló sì ń jò sí. Mo wá ibi gbígbẹ kan, mo sún igi mi síbẹ̀. Kí n tó yíjú padà, Tikhon tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ti tì í sẹ́yìn, ó ti fi tirẹ̀ dípò. Ó ní, "Ọmọ ajẹpánla, ṣebí inú omi ni wọ́n bí ẹ sí? Kí lò ń sá fún?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín díẹ̀ kí wọ́n lè tètè dákẹ́.

Ọ̀gá Lukyan kéde iṣẹ́ àṣekágbá. Kálukú yóò kan telega kan, kẹ̀kẹ́ ẹrù pípé tí ẹṣin lè fà lọ sóko, láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àjọ̀dún Ìbòrí, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, alábẹ̀wò yóò ti ìlú wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá yege yóò bá a lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń bójú tó níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá yege, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Bàbá tèmi wà nísàlẹ̀ Òkun Funfun. Ọkọ̀ ẹja àbúrò wọn ló kù tó ń dúró dè mí. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ níbí, Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn ní àwọn ò ní fi èèyàn fún òkun lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo gbẹ́ ìdodo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi, igi àárín tí ọ̀pá ń gbà kọjá, tán, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá Lukyan gbé ọ̀kan sétí, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n sì ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn fetí lé àyà ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní, "Ara telega, ẹwà lásán ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìwà. Gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wá fún mi, màá sọ irú ẹni tó kàn án fún ọ." Wọ́n gbé ìdodo mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n sọ ti Tikhon sílẹ̀ gbì. Mo rí i. Tikhon náà rí i.

Yàtọ̀ sí kíkí, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Ọjọ́ títẹ igi. A ń fi ooru omi sè é títí yóò fi rọ̀, a ó wá tẹ̀ ẹ́ ká kó lè di etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Tó bá ti tutù tán, ohun tó bá dà ló dà. Àkọ́kọ́ mi ṣẹ́. Ìkejì náà ṣẹ́. Tikhon ní, "Ẹ fún un ní àwọ̀n, bóyá ó lè fi ìyẹn mú un." Ìkẹta ò ṣẹ́. N kò lọ jẹun. Mo dúró tì í títí ó fi tutù, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yíjú, igi náà á yí ọkàn padà.

Ọwọ́ mi wú. Nígbà tí mo délé, Màmá Ustinya, ìyàwó ilé tí mo wọ̀ sí, ti gbé búrẹ́dì dúdú àti ọbẹ̀ kábéèjì sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ti tutù. Mo ní yàrá. Àlàfo tó wà láàárín ilé àti ibùso ẹran ni. Màlúù ni mo ń gbọ́ tó ń mí ní apá kan, Demid ọkọ Màmá Ustinya ní apá kejì. Màlúù ló ń mí jẹ́jẹ́ jù.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Kò sí iṣẹ́, mo rìn dé ìpẹ̀kun abúlé. Lẹ́yìn ilé tó gbẹ̀yìn, telega kan dojú dé sínú koríko, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí ẹran tó kú. Mo yí i ká. Kò sí ibi tó fọ́. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó yí láìmì. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni. Koríko ti hù gba abẹ́ rẹ̀ yọ. Nígbà tí gbogbo ayé ń kó koríko ẹran sílé, ta ló ń fi irú igi yìí ṣòfò?

Obìnrin kan wà lójú fèrèsé tó ń wò mí. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń yí, ó ṣàmì àgbélébùú sára, ó sì pa fèrèsé dé. Ojú tì mí. N kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ogúnjọ́

Telega mi ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo wò ó. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wò ó. Bí Bàbá mi ṣe máa ń wo ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kùn nìyẹn.

Ìdùnnú náà ò pẹ́. Ọ̀gá Lukyan ní, "Igi tí kò tíì gbé ẹrù, irọ́ ló ń pa. Ẹ lọ fi kẹ̀kẹ́ yín kórè. Èyí tó bá máa ya, kó ya kí alábẹ̀wò tó dé." Àwọn yòókù fa ẹṣin bàbá wọn wá. Mo lọ sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Baálé ibẹ̀ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará etí òkun? Kí lẹ mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́? Mo gbọ́ pé ajá ló ń fà yín kiri." Ní ilé kejì, ìyàwó ilé ní ẹṣin àwọn ń ṣàìsàn. Ẹṣin náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹun, ó gbójú sókè wò mí.

Ọjọ́ kejìlélógún

Ohun tí mo máa kọ lónìí, mo fẹ́ kí n lè tún un kà lọ́jọ́ tí ara bá ta mí.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé orí lé orúnkún. Ohùn kan wá láti orí ààrò amọ̀ ńlá tó ń mú ilé gbóná, níbi tí Bàbá Foka, bàbá Demid, máa ń sùn sí torí egungun wọn tó ń dùn wọ́n. "Ta ló ń mí kanlẹ̀ bí ẹṣin arúgbó níbẹ̀ yẹn? Ṣebí èmi nìkan ni arúgbó ilé yìí." Láti ìgbà tí mo ti dé, Bàbá kì í sọ̀kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Lónìí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Demid dì wọ́n mú lápá. Wọ́n jáde sí àgbàlá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹsẹ̀ telega mi yíká, wọ́n dijú.

"Demid, fún ọmọ yìí ní ẹṣin pupa."

"Ẹṣin pupa kẹ̀, Bàbá? Fún kẹ̀kẹ́ ajẹpánla?"

"Ẹja ò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ọmọ ẹja yìí ti kan mẹ́rin. Ìwọ tí Ọlọ́run fún ní méjì láìgbowó, kí lo fi wọ́n ṣe?"

Màmá Ustinya fi aṣọ bo ẹnu. Demid gbéra, ó lọ mú ẹṣin náà wá.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A kó ọkà ráì. A to ìtí lórí ìtí títí ẹrù náà fi ga ju òrùlé lọ. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ́tí sí ìdodo, mo tẹ́tí sí ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí. Kò ké. Telega ti Demid tó wà níwájú ń ké lójú ọ̀nà débi pé ajá abúlé ń dá a lóhùn.

Ní oúnjẹ alẹ́, Màmá Ustinya ní, "Savka, kí lò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà? Wá jókòó sídìí tábìlì." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa pe orúkọ mi nínú ilé yìí. Ẹran wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún mi.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ

Ọ̀dà tí a fi ń kun ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kó má baà ké ti wọ́n. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀nà tó bàjẹ́ ló fà á. Ọ̀nà bàjẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń gbẹ, kálukú ń wá ọ̀dà, owó rẹ̀ tún lọ sókè. Mo ra díẹ̀. Mo fi bí ìka ṣe lè mú mọ kun ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mi, mo sì fi ìyókù pa bàtà Bàbá Foka.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Foka ní àwọn fẹ́ rí oko kí ó tó di pápá lásán. A gbé wọn sórí telega mi, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí koríko, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Nígbà tí a padà dé, wọ́n kọ̀, wọn ò sọ̀kalẹ̀.

"Savka, tiwa ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọ̀bẹ. Tìẹ ń lọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí ni wọ́n fi gbé mi lọ sí itẹ́ òkú, n ò ní jí lójú ọ̀nà."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àjọ̀dún, ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́. Bàbá Foka pè mí sídìí ààrò. Wọ́n ní kí n sọ ti òkun fún àwọn. Mo sọ ju bí mo ti sọ láti ìgbà tí mo ti dé Olkhovka. Wọ́n bi mí bí a ṣe ń gbé òkú lọ́dọ̀ wa, níwọ̀n bí kò ti sí ọ̀nà.

"Ọkọ̀ ojú omi la fi ń gbé wọn, Bàbá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kí lẹ máa ń fi ọkọ̀ náà ṣe?"

"A ń fi pẹja ni. Lọ́jọ́ kejì."

Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ kejì," bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní ápù kan, wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Ọjọ́ kejìlélógún

Bàbá ò jẹun. Demid gun orí ààrò lọ bá wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó jáde sí àgbàlá. Ó wo telega tiwọn, ó wo tèmi, ó tún wo tiwọn. Mo rò pé ó ń fi iṣẹ́ wé iṣẹ́ ni. Orí mi wú.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Bàbá Foka kú ní ìdájí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Màmá Ustinya wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n ń nu ọwọ́ sára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti gbẹ. "Savka, ọmọ mi. Bàbá fẹ́ràn telega rẹ. Ṣé a lè fi…"

Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó parí. "Ọmọ mi" ni wọ́n pè mí. Mo fi omi fọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀, mo fi gbogbo ọ̀dà tó kù kun ọ̀pá rẹ̀ kó má baà ké. Mo sunkún níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ìwájú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí mi. Ẹsẹ̀ yẹn ló ní etí igi àkọ́kọ́ tí kò ṣẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A fi telega mi gbé Bàbá lọ sin. Kò ké. Láti ilé dé itẹ́, a ò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹsẹ̀ ẹṣin. Mò ń rìn lẹ́yìn pósí bí ọmọ ilé, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, Bàbá, ẹ ò jí o.

Bí a ṣe padà dé, Demid tú ẹṣin. Ọkùnrin mẹ́rin láti abúlé bọ́ síwájú, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n fa telega mi kọjá ẹnu ọ̀nà àgbàlá, wọ́n dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní "Ó yá!", wọ́n sì dà á dojú dé. Ó balẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìwájú ṣì ń yí.

Mo sáré síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe? Kí ló bàjẹ́?"

Ọ̀kan nínú wọn wò mí tìyanutìyanu. "Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó gbé òkú ni. Ó di ogójì ọjọ́ láti ọjọ́ ikú kó tó dìde. Bí o bá yí i ṣíwájú ìyẹn, òkú á padà wá jókòó sínú rẹ̀. Ṣé wọn ò ń kú lọ́dọ̀ yín ni?"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹja kì í sin ara wọn."

Wọ́n wọlé lọ jẹ àlìkámà sísè pẹ̀lú oyin. Mo dúró. Mo wá rántí telega tó wà lẹ́yìn ilé tó gbẹ̀yìn, àti obìnrin tó pa fèrèsé dé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Kí oúnjẹ òkú tó parí, Demid ti jáde. Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó gbójú wo ìkùukùu, ó fa telega tiwọn jáde nínú abà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ọ̀dà tútù ni. Lánàá tí mò ń sunkún ni ó ti kùn ún. Ó so ẹṣin pupa mọ́ ọn, ó lọ kó ọkà ẹṣin tó kù lóko kí òjò tó dé. Síbẹ̀ náà, mo gbọ́ ọ tó ń ké lọ títí dé orí òkè.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Ọ̀gá Lukyan. Wọ́n fi ìka kà á lórí tábìlì, wọ́n tún un kà. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ló máa pé. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní.

"Ìwọ ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ìwọ ńkọ́, o ò bèèrè?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kan òmíràn. Wọ́n mú mi lọ sí ibi tí igi wà. Igi tútù nìkan ló kù. Ọ̀gá gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ kí n fúnra mi rí bó ṣe wúwo tó pẹ̀lú omi. Wọ́n ní, "Èyí á ya kó tó dé ẹnubodè." Wọ́n bú Demid ní orúkọ tí n kò ní kọ síbí. Ṣùgbọ́n wọn ò ní àwọn máa bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ Olkhovka ni àwọn náà.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí. Lónìí ni mo sọ ọ́. Demid wà ní àgbàlá, Màmá Ustinya ń bọ́ adìyẹ.

"Ẹ̀gbọ́n Demid, ẹ mọ̀ pé a máa dà á dojú dé."

"Ta ni ò mọ̀?"

"Telega tiyín wà nílẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Ọkà ṣì wà lóko, Savka. Ṣé tiwa ni ká wá dojú rẹ̀ dé nígbà ìkórè? Kí la máa jẹ tí yìnyín bá bọ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́?"

Màmá Ustinya sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè, wọ́n ń fọ́n ọkà fún adìyẹ. "Má bínú sí Demid. Bàbá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní, 'Ti àlejò ni kí ẹ lò. Ẹ má dá tiwa dúró.'"

Mo wọ yàrá mi. Mo ṣí ohun tí mo kọ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ní, "Lọ́jọ́ kejì." Ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé n kò mọ̀. Wọ́n fún mi ní ápù.

Ọjọ́ kẹrin

Àbí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́? Wọ́n dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n dijú. Èèyàn ò lè fi ojú dídì purọ́. Tàbí ó lè ṣe é. N kò mọ̀. Ẹni tí mo lè bi ti lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo gé ẹ̀ka igi, mo fi bo ìdodo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí omi má baà wọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá lọ ṣàmì àgbélébùú fún mi.

Mo ti padà sí jíjẹun lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lé mi. Èmi ni mo dìde nídìí tábìlì, wọ́n sì jẹ́ kí n dìde.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Ìdodo Tikhon kan ti ya. Mo rí i tó po ìda oyin mọ́ èédú, ó rọ ọ́ sójú ibi tó ya, ó fi aṣọ pa á títí ó fi dán. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní, "Ajẹpánla, tìẹ ń sinmi dáadáa? Jẹ́ kí n mọ̀ tó bá ti jí." N kò sọ fún Ọ̀gá.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá

Òtútù ti ń já ewé. Alábẹ̀wò dé ní àárọ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń wúkọ́, bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀. Ó wo telega gbogbo wọn ní àgbàlá ilé ìkọ́ṣẹ́. Ó lu ìdodo Tikhon, ó dúró díẹ̀, ó tún un lù. Mo di ọwọ́ mi. Ó kọjá lọ. Tikhon yege.

Ó ka orúkọ mi. Ọ̀gá Lukyan ní, "Tirẹ̀ wà lóde àgbàlá Demid, ọ̀gbẹ́ni. Ó dojú dé." Wọ́n ṣàlàyé. Ó ní ká lọ wò ó. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé wa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ibi tí igi ti wọnú igi. Ó fi ìka kan ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìwájú. Ó yí, ó ń yí, a dúró, ó ṣì ń yí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ gidi nìyí." Ó dìde. "Ó dáa. Ẹ yí i ká rí i bó ṣe dúró."

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ọjọ́ mélòó ló kù?"

Ẹnìkan ní, "Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gbẹ́ni."

"N ò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta. Òfin tí wọ́n fún mi ni pé telega tó dúró ni kí n dán wò." Ó kọjú sí mi. "Ọmọ, ìwọ lo ni ín. Bí o bá ní kí wọ́n yí i, wọ́n á yí i. Kí lo wí?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Ojú Ọ̀gá Lukyan ń bẹ̀ mí. Mo wo Demid. Òtútù mú, síbẹ̀ òógùn bo ètè rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi lè mú kó má lè sùn títí dìgbà ìrúwé. Mo gbádùn rẹ̀. N kò ní purọ́ nínú ìwé ara mi. Màmá Ustinya ò wò mí. Ọ̀nà itẹ́ ni wọ́n ń wò.

Mo ronú kan Bàbá Foka, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́. N kò gbà pé òkú ń padà wá. Ṣùgbọ́n Bàbá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wà nínú ilẹ̀, wọn ò lè sọ tẹnu wọn mọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Alààyè ló fi ẹ̀tàn gbà á lọ́wọ́ mi. N ò ní já a gbà lọ́wọ́ òkú."

Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò gbọ́. Alábẹ̀wò wúkọ́, ó nu bàtà rẹ̀ sára koríko, ó lọ.

Tikhon ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ta mí jù.

Ọjọ́ kẹrin

Ogójì ọjọ́ pé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dárúkọ Bàbá. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà jáde, wọ́n ní "Ó yá!", telega mi sì dìde. Koríko abẹ́ rẹ̀ ti funfun bí irun arúgbó. Ó dúró ṣánṣán. Òjò ò rí i gbé ṣe.

Kí n tó sún mọ́ ọn, Demid ti fa ẹṣin pupa dé pẹ̀lú okùn. Ó ti mutí díẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. "Savka, kábéèjì ṣì wà lóko. Ọkọ̀ ojú omi lo máa wọ̀ lọ sílé, kí lo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe lórí omi? Fi í sílẹ̀ fún wa. A ti ń bọ́ ẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wá. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Gbogbo ayé mọ ohun tó gbé."

"Ẹ̀yin ò bẹ̀rù rẹ̀?"

"Bàbá mi ló gbé. Ti ẹbí ni."

Mo lọ gbé ìtì igi kan, mo fi gbé ọ̀pá ìwájú sókè. Mo yọ èèkàn kékeré tó di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, mo fi sápò. Mo fa ẹsẹ̀ náà jáde. Mo ta ìtì igi náà dànù, igun telega sì já lulẹ̀, ó fi imú gbẹ́ ilẹ̀.

"Ẹ̀! Savka! Kí lò ń ṣe?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mò ń mú, Ẹ̀gbọ́n Demid. Mo fi mẹ́ta sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin náà ní méjì tí Ọlọ́run fún yín láìgbowó."

Ẹnìkan láàárín àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá Ustinya sáré wọlé. Mo rò pé wọ́n ń sá fún mi ni, àfi bí wọ́n ṣe jáde pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú kan tí wọ́n fi aṣọ dì. Wọ́n tì í bọ̀ mí lábíyá, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò wojú mi. Mo gbà á. Ó ṣì gbóná.

Mo yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ojú ọ̀nà. Demid ń pariwo "Ọmọ ajẹpánla!" lẹ́yìn mi títí mo fi kọjá ilé tó gbẹ̀yìn. Ọ̀gá Lukyan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n wo ohun tí mò ń yí, wọ́n wo apá ibi tí mo kọjú sí, pé kì í ṣe ọ̀nà òkun. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún dé e.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo sùn nínú abà ẹnìkan tí n kò mọ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ orí mi. Yìnyín fúyẹ́ bọ́ ní ìdájí, ó mú ọ̀nà le, ó wá rọrùn láti yí i. Ọ̀nà ìlú ṣì jìn. N kò mọ̀ bóyá alábẹ̀wò yẹn á tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi, òun tó ní telega tó dúró ni òfin ń béèrè. Màmá mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán, ọkùnrin kan tó kó ọ̀dùnkún kún telega rẹ̀ bá mi lójú ọ̀nà. Ó fa ìjánu ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Mo ti ń dorí kodò fún un láti oṣù Kẹfà.

"Ọ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ rẹ dà? Àbí ẹṣin rẹ ló jẹ ìyókù?"

Mo dúró, mo wò ó lójú.

"Rárá o," ni mo wí. "Èèyàn ni."